Ilé àti Ilẹ̀: Ẹ ti ra ilẹ̀, ṣé wọ́n ti gbà kí ẹ kọ́lé sí i?

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń ka abala yìí ní Àkúrẹ́, Oǹdó, Ọ̀wọ̀, Ìdànrè àti káàkiri. Lẹ́tà tó ń wọlé pọ̀, ọ̀rọ̀ pílánì àti àwọn town planning ló sì pọ̀ jù nínú ẹ̀, ohun tó wá ń dùn mí ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kọ̀wé ló ti náwó tán kí wọ́n tó béèrè. Ẹ jẹ́ ká dáhùn díẹ̀ lónìí, mo ti gé àwọn lẹ́tà náà kúrú, mo sì ti yọ orúkọ àwọn tó kọ ọ́ kúrò.

Wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ "stop work" sára búlọ́ọ̀kù mi

*Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí. Mo ra plọ́ọ̀tì kan, 50 by 100, lọ́wọ́ ẹbí kan ní ọ̀nà Ọ̀dà. Mo ní agreement, mo ní rìsíìtì, mo ní sọ́fè tí sọ́féyọ̀ fi èdìdì sí. Bíríkìlà mi ló ya pílánì, ilé yàrá mẹ́ta lásán ni. A ti gbé búlọ́ọ̀kù dé ojú fèrèsé nígbà tí àwọn kan gbé ọkọ̀ dé, wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sí i lára pé ká dá iṣẹ́ dúró. Ilẹ̀ mi ni, owó mi ni, kí ni mo ṣẹ̀? — Ìyá Tóbi, Àkúrẹ́*

Ìyá Tóbi, ẹ pẹ̀lẹ́, owó tó wà nínú búlọ́ọ̀kù lásìkò yìí kì í ṣe kékeré, mo mọ bó ṣe máa rí lára yín. Ẹ ò jalè, ẹ ò sì gba ilẹ̀ onílẹ̀. Àmọ́ nǹkan méjì tó yàtọ̀ síra lẹ kà sí ọ̀kan ṣoṣo. Agreement, rìsíìtì, sọ́fè, àwọn yẹn ń sọ ẹni tó ni ilẹ̀ àti ibi tí ààlà ẹ̀ dé, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó sọ ohun tí ẹ lè kọ́ sórí ẹ̀, kódà ẹni tó gba C of O, ìwé ẹ̀rí onílẹ̀ tí gómìnà ń fọwọ́ sí, ṣì máa gba ìwé àṣẹ ìkọ́lé kó tó gbẹ́ ìpìlẹ̀. Òfin Lílo Ilẹ̀ tí wọ́n ṣe ní 1978 ló fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sábẹ́ àbójútó gómìnà, òfin ètò ìlú àti ìgbèríko tó jáde ní 1992 sì dá dúró láàyè tiẹ̀, òun ló ní kí ẹnikẹ́ni má kọ́ nǹkan kan láì gbàṣẹ, ìbáà ṣe olówó, ìbáà ṣe ìjọba gan-an. Ilẹ̀ yín ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilé tí ẹ bá kọ́ sí i máa kan ọ̀nà tí gbogbo àdúgbò ń gbà, á kan ibi tí omi òjò ń ṣàn gbà lọ, á kan kànga ẹni tó wà lẹ́yìn fẹ́ǹsì yín. Ẹ wo gbogbo àwọn tó kọ́lé sẹ́bàá odò Àlà láàárín ìlú níbí, ìwé ilẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn, omi ò sì bi wọ́n léèrè ìwé kó tó wọlé.

Ní báyìí, ẹ dá iṣẹ́ dúró ní tòótọ́ o. Ẹ má jẹ́ kí bíríkìlà sọ pé ká máa ṣe é lálẹ́ tàbí lọ́jọ́ Sunday tí ọ́fíìsì ò ní jáde, torí gbogbo búlọ́ọ̀kù tí ẹ bá tún tò lẹ́yìn ọ̀dà pupa yẹn, wọ́n á kà á sí àfojúdi, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wíwó ilé ti ń wọlé. Ẹ wo ìwé tí wọ́n fún yín dáadáa, tí wọn ò bá fún yín ní ìwé kankan ẹ lọ bèèrè ẹ̀ ní ọ́fíìsì town planning tó ń bójú tó àdúgbò yín, torí inú ìwé yẹn ni wọ́n máa kọ ohun tí wọ́n rí sí àti ọjọ́ tí wọ́n fún yín láti fèsì, ọjọ́ náà sì ń lọ. Ẹ lọ fúnra yín, ẹ mú sọ́fè àti agreement dání, kí ẹ sọ bọ́rọ̀ ṣe jẹ́ fún wọn. Mi ò tíì rí ẹni tí ọ̀rọ̀ ẹ̀ bàjẹ́ sí i torí pé ó yọjú.

Pílánì tí bíríkìlà yà ò ní wọlé. Mi ò fi bú bíríkìlà yín, ó lè mọ ilé kọ́ gan-an, ṣùgbọ́n ẹni tí òfin mọ̀ ni àkítẹ́ẹ̀tì tó ní nọ́ńbà àti èdìdì ARCON, àjọ tó ń forúkọ àwọn àkítẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, tó bá sì jẹ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹnjiníà tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ COREN, àjọ tiwọn, gbọ́dọ̀ ṣírò irin àti kọ́ńkéré ẹ̀, kó sì kọ lẹ́tà pé òun máa mójú tó iṣẹ́ náà. Tiyín tó ti dìde yìí, àkítẹ́ẹ̀tì máa kọ́kọ́ wá wọn ohun tó wà nílẹ̀ bó ṣe wà gẹ́lẹ́, ẹ má bẹ̀ ẹ́ kó yà á bí ẹ ṣe fẹ́ kó wà. Inú fáìlì náà, wọ́n á retí láti rí fọ́ọ̀mù, ìwé ilẹ̀, sọ́fè, ìwé owó orí yín, àti ẹ̀dà pílánì mélòó kan tó fi gbogbo ẹ̀ hàn, ibi tí ilé jókòó sí lórí ilẹ̀, ìpìlẹ̀, inú yàrá, òrùlé, ojú ilé láti iwájú, ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́, pẹ̀lú sọ́kàwéè. Ẹ fi owó ìtanràn sọ́kàn, torí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó fún yín láṣẹ. Àdúrà mi ni pé kí ilé náà má ti wọnú àyè ọ̀nà, torí ìyẹn lowó ìtanràn ò lè tún ṣe.

Ohun kan ṣì kù. Ẹ ní kí sọ́féyọ̀ yín mú àwọn nọ́ńbà tó wà lórí pílà ilẹ̀ yín lọ sí ọ́fíìsì Surveyor-General, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lórí máàpù wọn bóyá ìjọba ti gba àyè yẹn tẹ́lẹ̀. Ó yẹ kó jẹ́ pé kí ẹ tó sanwó ilẹ̀ lẹ ṣe é. Ẹbí tó tà á fún yín lè má mọ̀ rárá pé ìjọba ti kọ orúkọ ilẹ̀ bàbá wọn sílẹ̀ kí wọ́n tó bí àwọn mìíràn nínú wọn.

Wọ́n dá site plan mi padà, wọ́n tún dá a padà

*Ilẹ̀ mi wà nílùú Oǹdó, 50 by 100 lòun náà. Draughtsman, ẹni tó ń ya pílánì ilé, ya ilé fláàtì méjì fún mi, ọ́fíìsì dá a padà, ó tún un ṣe, wọ́n tún dá a padà. Wọ́n kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé àyè tí mo fi sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì ò pé mítà 3, pé site plan ò bá ilẹ̀ mu, pé mi ò fi kànga hàn. Draughtsman ní owó ni wọ́n ń wá. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Kí ló tiẹ̀ yàtọ̀ láàárín site plan àti sọ́fè tí mo ti ní? — Bàbá Ṣadé, Oǹdó*

Bàbá Ṣadé, mo fara balẹ̀ wo ẹ̀dà tí ẹ fi sínú lẹ́tà yín, mi ò rò pé owó ni wọ́n ń wá. Ẹ mú bíírò kí ẹ bá mi ṣírò. Ẹsẹ̀ bàtà 50 jẹ́ mítà 15.24, ìyẹn ni ìbú ilẹ̀ yín. Ilé tí draughtsman yà fẹ̀ tó mítà 11. Ó wá kọ mítà 3 sí ọwọ́ ọ̀tún, ó kọ mítà 3 sí ọwọ́ òsì. Mẹ́ta, mọ́kànlá, mẹ́ta, mítà 17 nìyẹn, orí ilẹ̀ tí ò ju mítà 15 àti díẹ̀ lọ! Ó kàn yí nọ́ńbà padà lórí ìwé ni, ilé ò yí padà. Ẹni tó bá jókòó sí ọ́fíìsì yẹn kò nílò ju kó ro ó pọ̀ lọ, ibi tó ti rí i pé site plan ò bá ilẹ̀ mu nìyẹn. Tí ẹ bá kọ́ ọ bẹ́ẹ̀, mítà méjì àti díẹ̀ ló máa kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ wá fi jẹnẹrétọ̀ síbẹ̀, kẹ́ ẹ fi táǹkì omi síbẹ̀, tí iná bá wá ṣẹ́ yọ lọ́jọ́ kan, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, ibo lèèyàn fẹ́ gbà kọjá?

Ohun tó wà fún yín ni mítà 9.24 ní ìbú. Ó dà bí ẹni pé ó kéré, kò kéré, ilẹ̀ yín gùn. Ẹsẹ̀ bàtà 100 jẹ́ mítà 30.48, tí ẹ bá fi mítà 6 sílẹ̀ níwájú fún ọkọ̀ àti mítà 3 lẹ́yìn, mítà 21 àti ààbọ̀ ló ṣẹ́kù ní gígùn. Ilé tó fẹ̀ ní 9 tó sì gùn ní 21 máa gba fláàtì méjì tó ní láárí tí àkítẹ́ẹ̀tì tó mọṣẹ́ bá tò ó, kò sì ní gba ju nǹkan bí ìdá 43 nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ náà lọ, ìyókù á wà fún afẹ́fẹ́ àti omi òjò. Ẹ kàn máa jọ̀wọ́ pálọ̀ gbẹ̀ǹgbẹ̀ yẹn ni.

Sọ́fè ń sọ ibi tí ilẹ̀ yín bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí, pílà tó wà ní igun kọ̀ọ̀kan, ààlà pẹ̀lú aládùúgbò. Site plan ni ti ohun tí ẹ fẹ́ ṣe sórí ẹ̀: ibi tí ilé jókòó sí, bó ṣe jìnnà sí fẹ́ǹsì láti apá kọ̀ọ̀kan, ibi tí gétì kọjú sí, ojú ọ̀nà tó wà níwájú àti bó ṣe fẹ̀ tó, ibi tí àríwá wà, ibi tí omi ń ṣàn sí, ibi tí ọkọ̀ máa dúró, kànga, sọ́kàwéè. Orí sọ́fè ni wọ́n ti máa ń yà á, àmọ́ ẹni tó bá jókòó sínú ọ́fíìsì yà á láì dé orí ilẹ̀, àṣìṣe ló máa yà, torí sọ́fè ò ní sọ fún un pé ilẹ̀ yín rọ́ sápá ẹ̀yìn, tàbí pé aládùúgbò ti gbẹ́ ṣaláńgá sí ìdí fẹ́ǹsì.

Ọ̀rọ̀ kànga yẹn ni mo fẹ́ dúró lé díẹ̀. Ìmọ̀ràn tí àwọn onímọ̀ ìlera ń fúnni ni pé kí kànga àti sọ́kàwéè jìnnà síra tó mítà 30. Lórí plọ́ọ̀tì tiyín, láti igun iwájú lápá kan dé igun ẹ̀yìn lápá kejì, mítà 34 péré ni gbogbo ẹ̀. Ìyẹn ni pé kò sí ibòmíì tẹ́ ẹ lè gbé e sí ju igun sí igun lọ, ẹ ò sì lè sún méjèèjì kúrò nídìí fẹ́ǹsì púpọ̀. Ẹ tún wá rò ó pé aládùúgbò yín náà ní plọ́ọ̀tì 50 by 100, ó ní sọ́kàwéè tiẹ̀, ó lè jẹ́ pé ẹ̀yìn fẹ́ǹsì níbi tí ẹ fẹ́ gbẹ́ kànga gan-an ló wà. Ọ̀pọ̀ ìgbẹ́ gbuuru tí wọ́n ń di ẹ̀bi ẹ̀ ru oúnjẹ, ibẹ̀ yẹn ló ti ń wá. Torí náà kí àkítẹ́ẹ̀tì tó fọwọ́ kan pílánì, ẹ mú un wọ ilé àwọn tó yí yín ká, ẹ kí wọn dáadáa, ẹ ní kí wọ́n fi kànga àti sọ́kàwéè wọn hàn yín, kó yà á sórí site plan. Tó bá ṣeé ṣe, ẹ gbé sọ́kàwéè yín sápá ibi tí tiwọn wà, kí kànga gbogbo yín wà lápá kejì. Níbi tí àpáta bá sún mọ́ òkè, ẹ sọ fún ẹnjiníà, torí sọ́kàwéè ò ní fa omi dáadáa níbẹ̀. Ọ́fíìsì ò lè dá irú site plan bẹ́ẹ̀ padà, ẹ̀yin gan-an á sì mọ irú omi tí ẹ ń mu.

Ilé bàbá wa nítòsí FUTA, a fẹ́ sọ ọ́ di hostel

*Ìbàdàn ni mo ń gbé. Bàbá wa kú, wọ́n fi ilé yàrá mẹ́rin sílẹ̀ nítòsí FUTA. Èmi àtàwọn àbúrò mi fẹ́ wó àwọn ògiri kan ká pín in sí yàrá 14 fún àwọn ọmọ yunifásítì, ká tún ṣe ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin síwájú. Bàbá gba pílánì nígbà tí wọ́n kọ́ ọ. Ṣé a tún nílò òmíràn? — Ọmọ Àkúrẹ́ ní Ìbàdàn*

Àbúrò mi, ẹ kú ara fẹ́ra kù bàbá. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ nílò ẹ̀. Pílánì tí bàbá gbà, ilé tí ìdílé kan ń gbé ni wọ́n fọwọ́ sí. Yàrá 14 àti ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin, ilé mìíràn nìyẹn lójú òfin, bí ẹ ò tiẹ̀ gbé búlọ́ọ̀kù tuntun kan síbẹ̀. Yíyí ìlò ilé padà náà wà lára ohun tí òfin pè ní kíkọ́lé, tìtorí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ya àdúgbò sọ́tọ̀, èyí fún ibùgbé, èyí fún ọjà, èyí fún iléeṣẹ́. Àwọn òpópónà kan wà tí wọ́n gbà kí ibùgbé àti ìtajà jọ wà, àwọn kan wà tí wọn ò gbà rárá. Ìyẹn gan-an ni kó o kọ́kọ́ lọ bèèrè, kó o tó bá bíríkìlà sọ̀rọ̀, kó o tó gba owó ilé lọ́wọ́ ọmọ ẹnikẹ́ni. Tó bá jẹ́ inú estate ìjọba bí Ìjàpọ̀ ni, o tún máa wo ìwé tí wọ́n fi fún bàbá ní ilé náà, torí àwọn májẹ̀mú kan máa ń wà nínú ẹ̀ lórí ohun tí a lè fi ilé ṣe.

Wọ́n á bi ẹ́ léèrè ọ̀rọ̀ kan tó jẹ́ pé èmi náà máa bi ẹ́: sọ́kàwéè tí wọ́n gbẹ́ fún ènìyàn mẹ́fà, báwo ló ṣe fẹ́ gba ti ọmọ 28 tí méjì-méjì bá ń gbé yàrá kan? Ibo ni àwọn oníbàárà ṣọ́ọ̀bù máa gbé ọ̀kadà àti mọ́tò wọn sí, àbí ojú títì ni? Tí iná bá ṣẹ́ yọ lóru, ọ̀nà mélòó ni àwọn ọmọ ń gbà jáde? Àwọn ògiri tí ẹ fẹ́ wó yẹn, ta ló yẹ̀ ẹ́ wò pé òun kọ́ ló gbé òrùlé dúró? Mo mọ̀ pé àwọn ọmọ FUTA ń wá ilé gidi gan-an, ó sì dáa kí ẹ fi ilé bàbá ṣe nǹkan tó ń mówó wọlé, àmọ́ ọmọ ọlọ́mọ ni, tọkàntọkàn ni mò ń sọ ọ́.

Ìṣòro kejì ni orúkọ. Orúkọ bàbá ló wà lórí ìwé ilẹ̀, ìwọ lò ń kọ fọ́ọ̀mù, wọn ò ní gbà á bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ẹ lọ gba Letter of Administration, ìwé tó fún yín láṣẹ láti bójú tó ohun tí bàbá fi sílẹ̀, ní ilé-ẹjọ́ gíga tí bàbá ò bá ṣe ìwé ìhágún, kí orúkọ àwọn tí ẹ yàn wà nínú ẹ̀. Ẹ ṣe é nígbà tí ìfẹ́ ṣì wà láàárín yín.

Ilẹ̀ ojú ọ̀nà Iléṣà sí Ọ̀wọ̀

*Wọ́n fẹ́ ta ilẹ̀ kan fún wa ní etí ọ̀nà expressway fún ṣọ́ọ̀ṣì. Wáyà iná ńlá kọjá lẹ́yìn ẹ̀. Ó pọ́ọ́kú. Kí lẹ rí sí i? — Alàgbà, Àkúrẹ́*

Alàgbà, ó lè jẹ́ ìdí tó fi pọ́ọ́kú nìyẹn. Ọ̀nà ìjọba àpapọ̀ ni ọ̀nà yẹn, àyè tó jẹ́ tiẹ̀ sì jẹ́ mítà 45.72 láti àárín ọ̀nà sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Wáyà ńlá náà ní àyè tiẹ̀, ti 132kV jẹ́ mítà 15 lápá ọ̀tún àti 15 lápá òsì, ti 330kV jẹ́ mítà 25 lápá kọ̀ọ̀kan. Ẹ mú téèpù, ẹ mú sọ́féyọ̀ dání, kí ẹ wọn ọ́n láti iwájú, kí ẹ wọn ọ́n láti ẹ̀yìn, kí ẹ wá wo ohun tó kù láàárín kí ìjọ tó dá kọ́bọ̀. Ọ̀pọ̀ ilẹ̀ báyìí ló jẹ́ pé ohun tó kù ò gba pẹpẹ. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ fún yín pé torí ọ̀nà ti ìjọba àpapọ̀ ni kò kan ìpínlẹ̀, ẹ sọ fún un pé ilé-ẹjọ́ tó ga jù ti dá a lẹ́jọ́ ní 2003, nígbà tí Èkó gbé ìjọba àpapọ̀ lọ síbẹ̀, pé ọwọ́ ìpínlẹ̀ ni ètò ilé kíkọ́ wà. Ibi méjèèjì lẹ máa dé.

Ẹbí wa fẹ́ gé ilẹ̀ tà

*A ní éékà mẹ́fà ní ọ̀nà ẹ́ápọọ̀tì. Ẹni tó ń wọnlẹ̀ fún wa ní a máa rí plọ́ọ̀tì 50 nínú ẹ̀. Àwọn kan nínú ẹbí ní ká kọ́kọ́ gba lẹ́áàtì, ìyẹn àwòrán bí a ṣe máa gé ilẹ̀ náà àti ọ̀nà inú ẹ̀, lọ́wọ́ ìjọba, àwọn àgbà ní kò sí ohun tó jọ ọ́, ilẹ̀ bàbá wa ni. — Akọ̀wé ẹbí*

Mo dúpẹ́ pé ẹ kọ̀wé kí ẹ tó tà á. Éékà mẹ́fà jẹ́ nǹkan bíi sìkúwéà mítà 24,280. Plọ́ọ̀tì 50 by 100 kan jẹ́ nǹkan bíi 464 àti ààbọ̀, àádọ́ta nínú ẹ̀ máa jẹ 23,200 àti díẹ̀. Ohun tó ṣẹ́kù fún ọ̀nà ò ju nǹkan bí 1,055 lọ. Tí ọ̀nà bá fẹ̀ ní mítà 9, á parí lẹ́yìn mítà 117. Nínú gbogbo éékà mẹ́fà! Àwọn tó bá ra ẹ̀yìn, orí ni wọ́n máa fi ru sìmẹ́ǹtì wọlé, mọ́tò panápaná ò ní débẹ̀, obìnrin tó ń rọbí á rìn jáde. Ẹ sì ti rí irú ẹ̀ ní ọ̀pọ̀ àdúgbò tuntun yíká Àkúrẹ́, tí fẹ́ǹsì bá ti gòkè tán kò sẹ́ni tó máa jọ̀wọ́ ẹsẹ̀ bàtà kan mọ́.

Ẹ gba town planner tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ TOPREC, àjọ àwọn town planner, kó ya lẹ́áàtì fún yín, kó fi ọ̀nà sí i, gọ́tà, àyè fún ṣọ́ọ̀bù àti ibi tí àwọn ọmọ á ti máa ṣeré, kó gbé e lọ fún ìfọwọ́sí. Plọ́ọ̀tì tí ẹ máa tà á dín kù, mi ò ní parọ́ fún àwọn àgbà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ ra ilẹ̀ tó ní lẹ́áàtì tí ìjọba fọwọ́ sí mọ̀ pé pílánì òun máa já, owó tó máa san yàtọ̀. Òmíràn tún wà, éékà mẹ́fà ju hẹ́kítà méjì lọ, òfin 1992 yẹn sì ní kí ẹni tó bá fẹ́ fi ilẹ̀ tó ju hẹ́kítà 2 ṣe ibùgbé mú àyẹ̀wò ipa lórí àyíká wá pẹ̀lú ohun tó ń tọrọ. Kí town planner yín ti fi sínú ètò láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ejẹ́ǹtì ní òun máa bá mi sáré ẹ

*Ó ní tí mo bá ko owó fún òun, pílánì á jáde láàárín ọ̀sẹ̀ kan, mi ò ní dé ọ́fíìsì rárá. Ó ti ṣe é fún ọ̀rẹ́ mi. — Ọmọ Ìsìkàn*

Má ṣe é. Lọ wo ti ọ̀rẹ́ ẹ ná, mú nọ́ńbà fáìlì tó wà lórí ẹ̀ kí ẹ jọ lọ sí ọ́fíìsì, kí wọ́n wá a nínú ìwé wọn, tí wọn ò bá rí i, ìwé lásán ló wà lọ́wọ́ ẹ̀. Àwọn kan ti gbẹ́ sítáǹpù sílé, kò nira fún wọn. Owó ìjọba, orúkọ ìjọba ló máa wà lórí àkáǹtì tí o san án sí, orúkọ tìẹ ló máa wà lórí rìsíìtì. Àwọn tó ń ṣàyẹ̀wò sì gbọ́dọ̀ wá wo ilẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ò bá wá wo ilẹ̀ ẹ, kí ni wọ́n wá fọwọ́ sí? Rìsíìtì kánsù náà ò rọ́pò ìwé àṣẹ ìkọ́lé o, owó tí kánsù gbà, owó kánsù ni.

Pílánì mi ti pẹ́, mo sì fẹ́ fi òkè kún un

*Wọ́n fọwọ́ sí pílánì mi fún ilé ilẹ̀ kí n tó lọ sí òkè òkun, mi ò tíì bẹ̀rẹ̀ láti bí ọdún mẹ́rin. Ní báyìí ó wù mí kí n sọ ọ́ di pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan. Bíríkìlà ní irin tó pọ̀ ló kù. — Olówó díẹ̀, Ọ̀wọ̀*

Ọdún méjì ni òfin fún ẹni tó gbàṣẹ láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tiyín ti kọjá, ẹ máa lọ tún un gbà. Tí ẹ bá ti ń lọ bẹ́ẹ̀, ẹ má tún ti ilé ilẹ̀ gbà kí ẹ wá lọ kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ilé alájà 21 tó wó ní Ìkòyí ní 1 November 2021, tó pa ènìyàn tó lé ní 40, ọ̀gá àjọ tó ń bójú tó ilé kíkọ́ ní Èkó sọ pé àjà 15 làwọn fọwọ́ sí. Irin nìkan kọ́ ló ń gbé òkè, ìpìlẹ̀ ni, ilẹ̀ tó wà lábẹ́ ìpìlẹ̀ sì ni, ẹ gba onímọ̀ tó máa yẹ ilẹ̀ wò, kí ẹnjiníà fi èsì ẹ̀ ṣírò ìpìlẹ̀ tuntun, kí àkítẹ́ẹ̀tì ya gbogbo ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Tí ẹ bá ń lọ sí ọ́fíìsì, ẹ mú pílánì àtijọ́ yẹn àti rìsíìtì ẹ̀ dání, torí nọ́ńbà fáìlì tó wà lórí ẹ̀ ni wọ́n máa fi wá yín.